Ṣé oko ni Jọ́ọ̀sì nínú "Ilé làbọ̀ sinmi oko"?

Ẹ bi mí pé ìyá yín lo ogójì ọdún ní Jọ́ọ̀sì kí wọ́n tó padà sí Ọ̀fà, pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Jọ́ọ̀sì báyìí, àwọn ẹbí a ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko, ẹ gbàgbé ibẹ̀ yẹn." Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá oko lásán ni Jọ́ọ̀sì jẹ́.

Oko ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oko lásán. Oríṣi oko méjì ni àwọn àgbẹ̀ wa ń dá. Oko etílé ni wọ́n ń lọ láàárọ̀, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́. Oko ẹgàn jìnnà. Ahéré ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀, wọ́n á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù, títí abà á fi di abúlé, tí wọ́n á máa bímọ síbẹ̀. Síbẹ̀, bí ọdún bá dé, tàbí àgbà kan kú, ìlú ni wọ́n ń wọ̀. Oko ló ń bọ́ ilé. Ibẹ̀ léèyàn ń ná agbára ìgbà èwe rẹ̀ sí.

Ojú yẹn náà ni àwọn èèyàn Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà tó ń ṣòwò ní Gánà fi wo ibẹ̀. Kumasi ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi sí. Ní November 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Báyìí ni wọ́n ṣe dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀ rí. Ẹrù ṣì wà lórí wọn nígbà tí àgbà ìyàwó ilé kan bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì orílẹ̀ bàbá wọn. Wọ́n ní ìgbà yẹn ni ọkàn àwọn tó balẹ̀. Títí dòní, Ìyá Gánà ni gbogbo agboolé ń pè wọ́n, bí wọ́n bá sì ń ka owó ọjà, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: baako, mmienu, mmiɛnsa. Twi, èdè kan ní Gánà, ni.

Àwọn tó ń fi òwe yìí pa ìyá yín lẹ́nu mọ́ ń ṣì í lò. Ibi tí ara ti ń sinmi ni òwe náà ń sọ. Kò ní ká gbàgbé oko. Ta ló ti oko dé rí tí kì í jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa ròyìn bí iṣu ṣe ta àti bí ọ̀yà ṣe jẹ ẹ̀gẹ́? Ìkejì rẹ̀ tún wà: "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Àwọn tó pa á kúkú gbà pé àjò ń dùn.

Bí ìyá yín bá tún dárúkọ Jọ́ọ̀sì, ẹ bi wọ́n ní àdúgbò tí wọ́n gbé, ẹni tí wọ́n jọ ń patẹ, àti bí òtútù ibẹ̀ ṣe ń mú nígbà ọyẹ́.