Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ẹsẹ̀ Òpó: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Yà sí Ṣọ́ọ̀ṣì Onígi ní Rapid City

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìlú Minneapolis ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ní oṣù Keje, a fẹ́ wa ọkọ̀ lọ wo orí àwọn ààrẹ tí wọ́n gbẹ́ sára òkè ní Mount Rushmore, màmá mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde yóò sì bá wa lọ. Ẹnìkan fi àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan tó wà ní Rapid City, ní ìpínlẹ̀ South Dakota, hàn mí, tí òrùlé rẹ̀ gun orí ara wọn, tí orí dírágónì sì yọ síta lókè. Ó wù mí láti yà síbẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi, tó jẹ́ ìyá ìjọ, ní òun kò ní wọ ilé tí dírágónì bá wà lórí rẹ̀. Ṣé ó tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ yà kúrò lọ́nà? Kí ni kí á wò tí a bá débẹ̀, kí sì ni kí n sọ fún màmá?

Ìdáhùn: Ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ àwòrán ilé yíyà ni mo ń ṣe, mo sì ti dé ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, láti inú oòrùn ọ̀sán ni mo ti wọlé tààrà, ojú mi kò rí nǹkan kan nínú òkùnkùn ibẹ̀, mo sì jáde kí ojú náà tó là. Ohun tí mo kọ́ ní ìgbà kejì ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ má baà rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì pàdánù ohun tí ẹ torí rẹ̀ lọ.

Chapel in the Hills ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 1969 ni wọ́n sì yà á sí mímọ́. Oníwàásù kan tó ń jẹ́ Harry Gregerson, tí ó ń ṣe ètò Lutheran Vespers lórí rédíò, ni ó ń wá ilé fún ètò náà. Arndt Dahl, òṣìṣẹ́ báńkì pàtàkì ní Rapid City, ni ó sì ná owó sí i. Nítorí pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Nọ́rwèy pọ̀ ní agbègbè náà, wọ́n pinnu láti kọ́ ọ bí ṣọ́ọ̀ṣì ilé wọn gan-an. Èyí tí wọ́n wò kọ́ ọ ni ṣọ́ọ̀ṣì Borgund, ní àfonífojì Lærdal ní ìwọ̀ oòrùn Nọ́rwèy. Àwọn tó ń ka òrùka inú igi láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ti fi hàn pé nǹkan bí ọdún 1180 ni wọ́n gé igi tí wọ́n fi kọ́ Borgund, ó sì dúró títí di òní olónìí.

Báwo ni ilé onígi ṣe lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí òjò àti yìnyín kì í jìnnà sí? Níbẹ̀ ni ọgbọ́n ilé náà wà, òun ni mo sì fi ní kí ẹ má kọ́kọ́ gbójú sókè wo dírágónì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ní èdè Nọ́rwèy, stavkirke ni orúkọ irú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Òpó ni stav, nítorí náà ṣọ́ọ̀ṣì olópòó ni èmi máa ń pè é. Àwọn tí wọ́n kọ́ ṣáájú rẹ̀ ní Nọ́rwèy, ṣe ni wọ́n ri òpó wọn mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ri òpó ahéré oko lọ́dọ̀ wa, ọ̀rinrin inú ilẹ̀ sì ń jẹ ẹsẹ̀ òpó títí ilé fi ń wó. Ohun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wá ṣe ni pé wọ́n to òkúta, wọ́n tẹ́ igi gbọọrọ lé òkúta náà lórí, wọ́n sì gbé òpó nàró sórí igi náà, débi pé ẹsẹ̀ òpó kò kan ilẹ̀ mọ́. Wọ́n wá ń fi ọ̀dà tí wọ́n yọ láti ara igi páìnì kun ara ilé náà léraléra. Ẹnikẹ́ni tí ikán bá ti bá òpó ilé bàbá rẹ̀ jẹ́ rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni ìwọ̀nba ìyàtọ̀ yìí. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ́kù ní gbogbo Nọ́rwèy kò ju 28 lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rìn yí ilé náà ká lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí wọ́n fi ká a mọ́, tí ó ń gba òjò sílẹ̀ fún ògiri. Ẹ sún mọ́ òrùlé níbi tó ti rẹlẹ̀. Ègé pákó kéékèèké ni wọ́n gé, tí wọ́n tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, tí omi kò fi rí ojú ihò wọlé. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ fara balẹ̀ tọ ipa ọ̀kan nínú àwọn ìtàkùn tí wọ́n gbẹ́ sára igi. Yóò lọ́, yóò bọ́ sábẹ́ òmíràn, ẹ ó sì bá ẹnu ẹranko ní ìdí rẹ̀. Erik Fridstrøm láti Nọ́rwèy àti Helge Christiansen, ará Rapid City, ni wọ́n gbẹ́ àwọn ọnà náà. Tí ẹ bá wá wọlé, ẹ jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ má sọ nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òpó yóò yọ jáde láti inú òkùnkùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á gùn lọ sókè ju bí ẹ ti rò lọ, àti àwọn igi tó gbé ara wọn ní àgbélébùú láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ má baà tì wọ́n.

Ní ti màmá, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn. Orí Kejìlá ìwé Ìfihàn ni wọ́n ti mọ dírágónì, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ dáadáa kò lè ṣaláì bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ kàn ní kí wọ́n ka àwọn ṣóńṣó òrùlé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: àgbélébùú ni wọn yóò kọ́kọ́ bá, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn orí dírágónì lókè. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé olùṣọ́ ni àwọn orí náà, láti lé ibi jìnnà sí ilé Ọlọ́run. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àwọn agbẹ́gi Nọ́rwèy ti mọ̀ kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ kan náà sì ni wọ́n fi sin Kristi. Bí ó ti rí náà nìyẹn ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, nígbà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì ní kí àwọn agbẹ́gilére bíi George Bandele àti Lamidi Fakeye fi iṣẹ́ ọnà ilé wọn gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára igi. Ìjọ Luther ni ìjọ ti Rapid City yìí, Bíbélì tí màmá ń kà náà ni wọ́n ń kà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò ṣòro. Láti Minneapolis, ẹ gba I-35 lọ sí gúúsù títí ẹ ó fi kan I-90 ní Albert Lea, kí ẹ wá dojú kọ ìwọ̀ oòrùn. Ìrìn náà tó 600 máìlì, nítorí náà ẹ sùn lọ́nà nítorí màmá. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò hàn láti ojú títì ńlá; gúúsù ìwọ̀ oòrùn ìlú ni ó wà, láàárín igi páìnì, láti ojú ọ̀nà 44 ni ẹ ó ti yà sí Chapel Lane. Ẹ rántí pé aago ìwọ̀ oòrùn South Dakota fi wákàtí kan lọ́ra ju ti Minnesota lọ. Oṣù Keje tí ẹ yàn dára, nítorí ìgbà ooru ni wọ́n ń ṣí i fún àlejò, tí wọ́n sì ń ṣe ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí ẹ tó gbéra, torí pé àwọn ènìyàn máa ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀. Ẹ mú owó díẹ̀ dání fún ọrẹ.

Ẹ má gbàgbé àká tó wà nítòsí. Àká ni mo pè é nítorí pé àká gan-an ni: ilé oúnjẹ tí àwọn àgbẹ̀ Nọ́rwèy máa ń gbé sókè kúrò nílẹ̀. Nọ́rwèy ni wọ́n ti kọ́ èyí, kí wọ́n tó gbé e wá síbẹ̀ tò pọ̀. Koríko ń hù lórí òrùlé rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gba àlejò. Tí màmá bá ṣì kọ̀ láti wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lójú ọ̀nà àdúrà tí wọ́n là sẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi, kí ẹ sì wá mú wọn nígbà tí ìsìn ìrọ̀lẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wọn mú ìborùn dání, nítorí òtútù máa ń mú ní agbègbè òkè náà nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, kódà ní oṣù Keje.