Ètò wa ń fi sátẹ́láìtì wo oko: níbo la ti lè rí owó tí yóò gbé e dé ọjà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Kétu. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ti ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń lo àwòrán sátẹ́láìtì láti mọ ibi tí òùngbẹ ti ń gbẹ àgbàdo kí ewé rẹ̀ tó ká. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lóko ilé ẹ̀kọ́ wa. A gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń fún olùwádìí lówó kí ó lè sọ ìmọ̀ òfuurufú di ohun títà. Ṣé irú owó bẹ́ẹ̀ kan àwa tá a wà ní Bẹ̀nẹ̀? Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ó kàn yín. Iṣẹ́ òfuurufú kò parí sórí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi àwòrán sátẹ́láìtì yanjú ìṣòro àgbẹ̀ ní Kétu, iṣẹ́ òfuurufú ló ń ṣe. Àmọ́ kí ẹ tó mú bírò, ẹ fi í sọ́kàn pé owó ìwádìí àti owó tí ń gbé nǹkan dé ọjà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń fúnni lówó ìwádìí á bi yín pé kí lẹ fẹ́ mọ̀. Ẹni tó ń fúnni lówó ọjà á bi yín pé ta ni yóò rà á, èló ni yóò sì san.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá àwọn olùwádìí kan kọ irú ìwé yìí ní Àjàṣẹ́, ogójì ojú ìwé la kọ. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, ìpínrọ̀ kan péré la fi sọ̀rọ̀ ọjà. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní àwọn ò rí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ó dùn mí wọra, torí pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò sórí owó NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà. Ètò wọn tó ń jẹ́ STTR dára púpọ̀: iléeṣẹ́ kékeré àti yunifásítì ló ń jọ béèrè owó náà, wọ́n á kọ́kọ́ gba díẹ̀ fún ìdánwò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba èyí tó pọ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún. Àwọn ilé ìtọ́jú iléeṣẹ́ tuntun tí àjọ òfuurufú Yúróòpù, ESA, ń ṣe náà ń fẹ́ kí iléeṣẹ́ fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn.

Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún yín ni Horizon Europe, ètò ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti 2021 sí 2027. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí iléeṣẹ́ àti yunifásítì wọn lè gba owó níbẹ̀. Ẹ kò lè dá wọlé ṣá o. Ó kéré tán, iléeṣẹ́ tàbí yunifásítì mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tàbí tó bá a wọ ètò náà ni yóò kó ara wọn jọ, ẹ̀yin á wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì rẹ́kítọ̀ yín bóyá yunifásítì ti ní nọ́ńbà PIC, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń dá yín mọ̀ lọ́hùn-ún. Bí kò bá sí, ẹ tètè gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí àfìgbà tó bá ti bọ́. Nínú àwọn iṣẹ́ tó sún mọ́ ọjà jù lọ, gbogbo ìnáwó tó tọ́ ni wọ́n máa ń san padà fún yunifásítì, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń wá èrè máa ń gba 70 nínú 100. Bí ẹ bá ná mílíọ̀nù 10 fránkì sẹ́fà lórúkọ iléeṣẹ́ yín, mílíọ̀nù 3 ti di gbèsè ọrùn yín. Torí náà, ẹ jẹ́ kí yunifásítì ló kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé. Wọ́n sì tún máa ń fi 25 lé orí 100 ìnáwó gan-an fún iná, ọ́fíìsì àti irú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́ sínú ìṣirò.

Bí ẹ bá ń wá alábàáṣiṣẹ́ nítòsí, AFRIGIST, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ àwòrán ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì, wà ní Ilé-Ifẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ni ín. Wọ́n ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ kan lọ bá bàbá àgbẹ̀ kan lọ́nà Kétu sí Ìlárá. Wọ́n ṣí fóònù, wọ́n fi àwòrán oko rẹ̀ hàn án: ibi tó rómi mu ní àwọ̀ ewé, ibi tí òùngbẹ ń gbẹ pupa. Bàbá gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó fi ìka kan ibi pupa tó wà létí, ó ní, "Eléyìí, ṣé tèmi ni àbí ti àbúrò mi?" Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Àwòrán Sentinel-2, sátẹ́láìtì Yúróòpù, ni wọ́n lò, èyí tí gbogbo ayé ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè fi ṣòwò. Àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké ló para pọ̀ di àwòrán náà, ilẹ̀ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì dúró fún jẹ́ mítà 10 lóròó, mítà 10 níbùú. Oko ìlàjì hẹ́kítà kò ju ẹyọ 50 lọ, èyí tó bá sì bọ́ sórí ààlà máa ń pa oko ẹni méjì pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo. Ìbéèrè bàbá yẹn ni kí ẹ dáhùn nínú ìwé yín.

Ẹ tún dáhùn ti ìkúukùu. Sátẹ́láìtì méjì Sentinel-2 máa ń kọjá lórí wa ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ṣùgbọ́n ìkúukùu tó bo ojú ọ̀run lásìkò òjò kì í jẹ́ kí wọ́n rílẹ̀. Sentinel-1, tó jẹ́ ti Yúróòpù bákan náà, ní rédà tó ń ríran gba inú ìkúukùu kọjá. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ẹ sọ ọ́ kedere.

Ta ni yóò wá sanwó? Lójú tèmi, kì í ṣe àgbẹ̀ oníìlàjì hẹ́kítà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè san án, àwọn tó ń ra kajú lọ́pọ̀ ní Sábẹ̀ẹ́ lè san án, iléeṣẹ́ adójútòfò tó ń bójú tó oko náà lè san án. Ẹ gba lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fọwọ́ sí, kí iye tí wọ́n á san lórí hẹ́kítà kan wà nínú rẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ níye lórí ju ogún ojú ìwé ìmọ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀tọ́ yín, OAPI, àjọ tó ń dáàbò bo ohun tí ènìyàn hùmọ̀, tó wà ní Yaoundé, ló ń fún orílẹ̀-èdè 17 ní ìwé tí wọ́n ń pè ní brevet, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Wọn kì í fún ètò kọ̀ǹpútà lásán ní brevet, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ló ń dáàbò bò ó. Bí ẹ bá ṣe irinṣẹ́ tí ẹ ń rì mọ́lẹ̀ láti fi wọn bí omi inú ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tìyẹn yàtọ̀: ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ níta kí ẹ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ yunifásítì pẹ̀lú, tó sọ ẹni tó ni ètò náà, àti ìpín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi tiwọn sílẹ̀.

Àwọn tó ń fúnni lówó ní òṣùwọ̀n kan, láti ìpele 1 dé 9, tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe súnmọ́ ọjà tó. NASA ló dá a sílẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ lóko ilé ẹ̀kọ́ nìkan kò tíì kọjá ìlàjì ọ̀nà. Oko àwọn ẹlòmíì ló máa gbé yín sókè. Òjò àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Kétu ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹ wá àgbẹ̀ mẹ́wàá tí kì í ṣe ẹbí yín. Lọ́jọ́ tí sátẹ́láìtì bá ń kọjá, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dé oko, kí ó gbẹ́ ilẹ̀, kí ó wọn bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìbéèrè owó.