Ẹ má tíì ra kámẹ́rà: ohùn àti síláìdì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kì í wo fídíò oníṣẹ́jú 50 dópin, ẹ sì ń béèrè bóyá kámẹ́rà tuntun lẹ máa rà. Kámẹ́rà kọ́ ló ń lé wọn sá. Èèyàn lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó ń dún bíi pé inú kànga ni olùkọ́ wà máa ń sú èèyàn kíákíá.

Ẹ ra máíkù kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ láyà, kó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ẹnu yín. Máíkù inú kọ̀ǹpútà jìnnà síni, ariwo yàrá ló sábà máa ń gbà mọ́ ohùn ẹni. Ògiri òfìfo máa ń dá ohùn padà, nítorí náà yàrá tó ní kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì sàn ju gbọ̀ngàn lọ. Ẹ pa fáànù. Lórí òṣùwọ̀n ohùn inú áàpù tí ẹ fi ń gbà á sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn yín ti ga jù wà láàárín -12 sí -6 dB (dẹ̀síbẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó). Tó bá ti kan àwọ̀ pupa, ohùn ti fọ́ nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í dán mọ́rán. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ gba ìṣẹ́jú àáyá 30 sílẹ̀, kí ẹ fi íapíìsì gbọ́ ọ.

Ní ti gígùn, àwọn olùwádìí Philip Guo, Juho Kim àti Rob Rubin yẹ bí àwọn èèyàn ṣe ń wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wò ní 2014, wọ́n sì rí i pé fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú 6 lọ ló ń mú wọn dúró jù. Ìyẹn ò ní kí ẹ máa gé 50 yín ní ìṣẹ́jú 6-6 bí ẹni gé iṣu o. Ìbéèrè ni kí ẹ fi gé e: fídíò kan, ìbéèrè kan, kí ìbéèrè náà sì jẹ́ orúkọ fídíò. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa sọ sílẹ̀ ṣáájú. Nǹkan bí ọ̀rọ̀ 800 ti tó ìṣẹ́jú 6.

Síláìdì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Tí ẹ bá to ọ̀rọ̀ kún un, tí ẹ wá ń kà á sókè, ojú akẹ́kọ̀ọ́ á máa sáré ka tiẹ̀, etí á máa tẹ̀ lé tiyín, méjèèjì á sì máa dí ara wọn lọ́wọ́. Ẹ mú àwòrán ọkàn bí àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á kọ 1 sí 4 sára yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á wá to orúkọ wọn sísàlẹ̀. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ á máa lọ, á máa bọ̀, kó tó dé orí nọ́ńbà 3 ó ti gbàgbé 1. Inú yàrá gan-an ni kí orúkọ wà. Nígbà tí ẹ bá ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún, orúkọ yẹn àti ọfà rẹ̀ nìkan ni kó hàn. Tí ẹ bá sọ pé ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, kó tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ọfà kejì á yọ. Ẹ má fi àwọ̀ pupa àti búlúù nìkan ya ẹ̀jẹ̀ méjèèjì (èyí tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti èyí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀) sọ́tọ̀, ojú àwọn kan kì í dá àwọ̀ mọ̀: ẹ fi ìlà tí kò já ya ọ̀kan, kí ẹ fi ìlà já-já ya èkejì.

Lẹ́tà orí síláìdì kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìwọ̀n 24. Lẹ́tà eérú lórí funfun rẹwà lójú ẹni tó ṣe é, àmọ́ kì í hàn lórí fọ́ọ̀nù níta. Ìlànà WCAG, tó wà kí gbogbo èèyàn lè rí ohun orí íńtánẹ́ẹ̀tì lò, béèrè pé kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kékeré àti ẹ̀yìn rẹ̀ má kéré sí 4.5 sí 1.

Ẹ ronú nípa dátà wọn náà. Fídíò 720p (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó) ní 1 Mbps (ìwọ̀n dátà tó ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á jẹ tó MB 45 ní ìṣẹ́jú 6. Ohùn nìkan ní 64 kbps kò ju MB 3 lọ. Ẹ gbé fídíò MP4, ohùn àti PDF síláìdì sí ojú ewé ẹ̀kọ́ pa pọ̀, kí kálukú mú èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kọ sísàlẹ̀ fídíò fúnra rẹ̀ kì í mọ orúkọ inú iṣẹ́ yín, ó sì lè sọ “a kò gbọ́dọ̀” di “a gbọ́dọ̀”. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kó wà nínú fáìlì VTT (fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò) tirẹ̀, tí ẹni tí kò nílò rẹ̀ lè pa, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán.

Ẹ má sì dárúkọ ọjọ́ ìdánwò tàbí “ọ̀sẹ̀ tó kọjá” nínú fídíò rárá. Ojú ewé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, torí ìlà kan ṣoṣo lẹ máa yí padà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.