Èsì: Fọ́tò tó ń yọ àbàwọ́n lórí Palm IIIc

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ojú ìyàwó yín ń yọ àbàwọ́n tẹ́ ẹ bá gbé fọ́tò ẹ̀ sórí Palm IIIc, kọ̀ǹpútà kékeré àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́ o. Àwọ̀ 256 péré ni screen yẹn ń gbé, fọ́tò kámẹ́rà sì lè ní mílíọ̀nù 16, ibo ló fẹ́ kó ìyókù sí? Ẹ kọ́kọ́ gé e kó ku ojú nìkan, ẹ dín in kù sí píksẹ́lì 160 × 160 nínú GIMP (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe), ẹ fi kún contrast ẹ̀ (ìyàtọ̀ láàrin ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn) díẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa tó lọ sí Image, Mode, Indexed (ibi tí wọ́n ti ń dín iye àwọ̀ fọ́tò kù), kẹ́ ẹ mú àwọ̀ 256 àti Floyd-Steinberg, òun ló ń da àwọn àmì kéékèèké pọ̀ bí ẹní wọ́n iyọ̀, tójú á fi rò pé àwọ̀ pọ̀. Ẹ má dín in kù lẹ́yìn Indexed o, mo ti ṣe é rí, ńṣe ló rí wúruwùru.