Ẹ Bi Wá: Iyọ̀, Káún àti Omi Inú Ara

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Kábà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀kún o. Láti ìgbà tí ooru ti mú ni lẹ́tà ti ń wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí iyọ̀: iyọ̀ tó pọ̀ jù, iyọ̀ tó kéré jù, iyọ̀ tí kì í ṣe iyọ̀. Sódíọ̀mù, pọtásíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù ni àwọn dókítà ń pè ní electrolyte. Inú omi ara ni wọ́n ń yọ́ sí, àwọn ló sì ń jẹ́ kí iṣan fà, kí ọkàn lù, kí ọpọlọ ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Iyọ̀ ara ni a ó máa pè wọ́n níbí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Láti àná ló ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá ọkọ mi da omi ọ̀rá méjì sínú abọ́, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà sí i, wọ́n fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀ sí i. Ọmọ mu ún, ó bì í. Mo ní ORS nílé, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí a ń pò mọ́ omi, mo da ìdajì rẹ̀ sínú ife omi kan, ìyẹn náà kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí ni a ṣe tí kò tọ́? — Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìsánlú

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ sì bá wa kí Màmá. Ohun tí Màmá fẹ́ ṣe dára, ọwọ́ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni kò bára dé. Ẹ̀kúnwọ́ àgbàlagbà kan kò tó ẹ̀kúnwọ́ èkejì, ìka mẹ́ta tó lóògùn sì ń kó iyọ̀ ju ìka mẹ́ta tó gbẹ lọ. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ńṣe ni yóò fa omi ara ọmọ wá sínú ìfun, ìgbẹ́ náà á tún pọ̀ sí i. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, yóò fa omi kúrò nínú ọpọlọ, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ gìrì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní “omi iyọ̀ ló pa ọmọ náà lára.”

ORS tiyín ńkọ́? Èyí tí wọ́n ṣe fún lítà kan ní iyọ̀ gíráàmù 2.6, glúkóòsì gíráàmù 13.5, pọtásíọ̀mù kílóráìdì gíráàmù 1.5 àti sítíréètì gíráàmù 2.9. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fọwọ́ sí láti ọdún 2002 nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ yẹ kó bọ́ sínú ìdajì lítà. Ife tí a fi ń mu omi nílé kì í sábà ju 200 mílílítà lọ, nítorí náà ohun tí ẹ fún ọmọ yẹn le ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ẹ má ṣe pín ORS sí méjì mọ́. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sínú omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí kì í ṣe gbogbo ORS ni wọ́n ṣe fún lítà kan.

Bí kò bá sí ORS nílé, báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ wá omi tó mọ́ tó jẹ́ lítà kan. Omi ọ̀rá méjì ni, bí wọ́n bá kọ 50cl sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á kó tó dà á, kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló dọ́gba. Ẹ mú ṣíbí tíì kékeré. Ẹ bu ṣúgà kún un, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn náà ẹ bu iyọ̀ kún ṣíbí kan náà, ẹ gé orí òun náà, ẹ wá fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀ kí ẹ sì yí ìdajì padà sínú ìgò iyọ̀. Ìdajì tó kù nínú ṣíbí ni ẹ ó dà sínú omi. Ẹ rò ó títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́, kí ẹ sì tọ́ ọ wò: bí ó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, ẹ ṣe òmíràn.

Ìdí tí ṣúgà fi wà níbẹ̀ kì í ṣe kó lè dùn. Ilẹ̀kùn kan wà lára ìfun tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gbà wọlé, omi ló sì ń tẹ̀ lé wọn. Àní bí ìgbẹ́ gbuuru ti le tó, ilẹ̀kùn yẹn ṣì máa ń ṣí. Ìdí rèé tí omi lásán kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì yóò mu 50 sí 100 mílílítà lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin ife sí ìdajì ife. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá á mu ìdajì ife sí ife kan. Ẹ fi ṣíbí fún un, ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí ó bá bì, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Ọmú kò gbọ́dọ̀ dúró, oúnjẹ náà kò gbọ́dọ̀ dúró. Omi tí a pò nílé kò ní pọtásíọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ ń kó o lọ. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n tí a tẹ̀ àti ògì tó ki díẹ̀ dí i.

Kí ẹ tún béèrè fún sínkì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tàbí lọ́wọ́ apòògùn: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù 10 fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lò ó pé, kódà bí ìgbẹ́ bá dúró lọ́jọ́ kẹta, nítorí ó ń dín bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe ń padà wá kù ní oṣù méjì sí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Ẹ fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí awọ náà bá dúró ṣonṣo ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ kó tó padà, tàbí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tàbí kò lè mu nǹkan mọ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí ó ń sùn tí kò fẹ́ jí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni, kí ẹ máa fi ṣíbí fún un lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè: Bí mo bá ń kọ ebè, pajápajá máa ń mú mi ní itan àti ní ọmọ ẹsẹ̀ tí oòrùn bá ti kanrí. Mo ń mu omi ọ̀rá bíi mẹ́fà lóko, síbẹ̀ orí ń fọ́ mi. Ọmọ mi ní kí n máa mu ohun mímu agbára inú agolo. — Àgbẹ̀ kan, Bùnú

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú oko o, ẹ kú oòrùn. Iṣan tó ti rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fa pajápajá, ṣùgbọ́n òógùn tiyín náà wà níbẹ̀. Lítà òógùn kan lè kó sódíọ̀mù tó ìdajì gíráàmù sí gíráàmù méjì lọ, ẹni tó ń kọ ebè lọ́sàn-án sì lè làágùn ju lítà kan lọ ní wákàtí kan. Ọ̀rá mẹ́fà jẹ́ lítà mẹ́ta omi tí kò ní iyọ̀. Ohun tó jáde ní iyọ̀, ohun tó wọlé kò ní, ẹ̀jẹ̀ yín wá ń ṣàn jù. Ẹ̀fọ́rí náà lè ti ibẹ̀ wá.

Ẹ má lọ sóko láìjẹun. Ẹ̀wà tàbí iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ní àárọ̀ ti fún yín ní iyọ̀ àti pọtásíọ̀mù. Ẹ mú ẹ̀pà oníyọ̀ dání. Nínú lítà mẹ́ta yẹn, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ ORS, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ kọ ebè láti ìdájí títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀, kí ẹ sì fi aago méjìlá sí mẹ́ta sinmi lábẹ́ igi. Bí pajápajá bá mú yín, ẹ na ẹsẹ̀ náà tààrà, ẹ di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú, ẹ fà á wá sọ́dọ̀ ara yín títí yóò fi tú.

Ohun mímu inú agolo yẹn, ṣúgà àti kaféènì ló kún inú rẹ̀, kò rọ́pò iyọ̀ tí òógùn kó lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹ má fi ORS kún omi yín láìbá dókítà yín sọ̀rọ̀. Bí ìtọ̀ yín bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn iṣẹ́ líle, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Iṣan tó fọ́ ti ń dà sínú kíndìnrín nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ń sọ ìsọkúsọ lóko, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kejì máa wá ọkọ̀.

Ìbéèrè: Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ń ru, kí n dín iyọ̀ kù. Mo ti jáwọ́ pátápátá: káún díẹ̀ àti mágí ni mo fi ń se ọbẹ̀ báyìí. Síbẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Ará ilé mi kan tún mú iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru wá. — Ìyàwó ilé kan, Kábà

Ìdáhùn: Ìyá, a bá yín dárò, ẹ ti ń jìyà lórí ohun tó ṣì wà nínú ìkòkò. Káún kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ. Orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pè é ń tan ènìyàn pé pọtásíọ̀mù ni, bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè ọya. Ohun tí dókítà ní kí ẹ dín kù náà ni. Ó tún ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́. Bí ẹ̀wà bá le, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi tuntun sè é.

Mágí ńkọ́? Iyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sára rẹ̀, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì ni iyọ̀. Ẹyọ kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 4. Ẹ ṣírò rẹ̀: márùn-ún nínú ìkòkò tí ènìyàn márùn-ún máa jẹ, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ gíráàmù 2 iyọ̀ kí ẹ tó bu iyọ̀ kankan. Gíráàmù 5 lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá, kò tó ṣíbí tíì kan tó kún, ó sì ka iyọ̀ búrẹ́dì, ẹja gbígbẹ, irú oníyọ̀ àti suyà mọ́ ọn. Ẹ padà sí iyọ̀ ìkòkò, ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, kí mágí má ju ẹyọ kan lọ. Ata, àlùbọ́sà, efinrin, atalẹ̀ àti irú tí kò níyọ̀ ni kí wọ́n máa fa ọbẹ̀ náà. Ẹnu ọkọ yín á sọ fún yín pé ọbẹ̀ tẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn á mọ́ ọn lára.

Pọtásíọ̀mù inú oúnjẹ ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti lọ sílẹ̀. Ilẹ̀ wa kò ní ìṣòro rẹ̀: gíráàmù 100 isu sísè ní nǹkan bí mílígíráàmù 670, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ẹ̀wà náà ní. Gíráàmù 3.5 lójúmọ́ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà jẹ, ó kéré tán. Ẹ má bó isu kí ẹ sì gé e wẹ́wẹ́ sínú omi púpọ̀ tí ẹ ó dà nù, nítorí pọtásíọ̀mù yóò bá omi lọ.

Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí ará ilé yín mú wá yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Pọtásíọ̀mù kílóráìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Bí ọkọ yín bá ń lo lisinopril, amiloride tàbí spironolactone, tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, pọtásíọ̀mù yóò máa gbé jọ sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní dùn ún títí ọkàn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Ó lè dá ọkàn dúró. Ẹ mú orúkọ oògùn rẹ̀ lọ bá dókítà, kí wọ́n yẹ E/U/Cr rẹ̀ wò, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi iyọ̀ ara àti iṣẹ́ kíndìnrín hàn, kó tó tọ́ ọ wò. Ohun kan náà ni a ń sọ nípa omi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀: pọtásíọ̀mù gidi ni ìyẹn, ó dára fún ọṣẹ, kò dára fún ọ̀fun.

Ìbéèrè: Àyẹ̀wò kan ní pọtásíọ̀mù mi jẹ́ 6.2, wọ́n ní kí n sáré. Mo tún un ṣe níbòmíràn, ó jẹ́ 4.3. Èwo ni kí n gbà gbọ́? — Olùkọ́ kan, Mọ̀pà

Ìdáhùn: Ó yẹ kó wà láàrin 3.5 sí 5.0. Pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ pupa pọ̀ ju ti omi ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá so apá yín pẹ́, tí ẹ ń di ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ sì ń tú u, tí wọ́n mi ìgò náà jìgìjìgì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ náà wà fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀, pọtásíọ̀mù á jò jáde, èsì á sì ga lásán. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elése àlùkò ní pọtásíọ̀mù nínú. Bí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ bá kan ti ìgò àyẹ̀wò yìí, pọtásíọ̀mù á ga, kálísíọ̀mù á já wálẹ̀. Ẹ wo kálísíọ̀mù èsì àkọ́kọ́, bí wọ́n bá ṣe é. A gbà pé 4.3 ló jọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣe dáadáa bí ẹ ṣe tún un ṣe kíákíá. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò ọkàn fún yín.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni iyọ̀ ń wo gẹ̀gẹ̀? — Ọ̀dọ́ kan, Ẹ̀gbẹ̀

Ìdáhùn: Iyọ̀ tó ní áyódínì ń dènà rẹ̀, kò ń wo èyí tó ti yọ. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódínì sí iyọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ ra èyí tí wọ́n dì, kì í ṣe èyí tó ti jókòó sínú abọ́ lọ́jà lábẹ́ oòrùn. Ẹ dé e, kó jìnnà sí èéfín, ẹ máa bu ú sí ọbẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ jinná. Pákí tí kò kan dáadáa ń dí áyódínì lọ́nà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí gàrí yín wà nínú àpò fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó yan án. Gẹ̀gẹ̀ tó ti yọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, pàápàá bí ó bá ń dí ọ̀fun tàbí tí àyà ń lù kìkì.