Wọ́n fún ọmọ mi ní káàdì pupa: ibo ni kó lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tíṣà eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́, ọmọ SS2 kan nínú ẹgbẹ́ wa pe rẹfirí ní olè, ni rẹfirí bá yọ káàdì pupa sí i. Ọmọ náà kọ́kọ́ yarí pé òun ò jáde. Nígbà tó jáde tán, mo ní kí ẹlòmíràn wọlé, rẹfirí ò gbà. Ó tún ní kí ọmọ náà má jókòó tì wá. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn? Ṣé ó lè gbá ti ọjọ́ Ẹtì?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Tíṣà. Rẹfirí yẹn jàre. Òfin kejìlá nínú òfin bọ́ọ̀lù ka èébú mọ́ ìjà, títutọ́ síni lára àti gígé ènìyàn jẹ: káàdì pupa tààrà ni, kò dìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fún un ní yẹ́lò. Ẹni tí wọ́n bá lé jáde lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀ kò ní àrọ́pò, ẹ̀yin mẹ́wàá lẹ máa gbá a parí. Ká ní kí wọ́n tó fọn fèrè ìbẹ̀rẹ̀ ló ti bú u ni, ọ̀kan nínú àwọn àrọ́pò tí ẹ ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ì bá wọlé dípò rẹ̀.

Ti ibi tí ọmọ máa wà ló ń jẹ mí lọ́kàn. Òfin ní kó kúrò nínú pápá àti ní àyíká rẹ̀, títí kan orí bẹ́ǹṣì yín. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ní yàrá ìmúra lòfin ń bá wí. Àwọn pápá tiwa ńkọ́? Ẹ kúrò níbẹ̀ báyìí, ojú títì lẹ bọ́ sí, ọ̀kadà ń sáré. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ṣe rẹfirí lápá Èbúté, èmi gan-an lé ọmọ kan jáde. Ó fi ìbínú bọ́ jẹ́ẹ̀sì, ó gba ọ̀nà lọ. Nígbà tí mo fọn fèrè ìparí, tíṣà rẹ̀ ń bi mí pé ibo ni mo ní kó lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó rí i ní Sábó, kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ojú tì mí.

Láti ọjọ́ náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti máa ń bi tíṣà méjèèjì pé: bí mo bá lé ọmọ yín jáde, ta ló máa mú un, ibo ló máa mú un lọ? Ẹ̀yin náà, ẹ má dúró kí rẹfirí bi yín. Ẹ wá tíṣà kan tí kì í ṣe kọ́ọ̀ṣì, ẹ yan kíláàsì kan tàbí inú bọ́ọ̀sì, kó jókòó tì í níbẹ̀ títí eré á fi parí. Kó fún un lómi. Kó má nà án, kó má sì wàásù fún un; ara ọmọ ṣì gbóná.

Bí ọmọ kan bá tún yarí pé òun ò jáde, balógun ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ rán sí i. Ẹ má wọ pápá láìgbàṣẹ o! Láti 2019, káàdì kan kọ́ọ̀ṣì náà.

Ti ọjọ́ Ẹtì, òfin bọ́ọ̀lù kò sọ iye eré tó máa pàdánù, ìwé òfin ìdíje yín ló ń sọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje, ó kéré tán, kò ní gbá èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ má dán an wò láìka ìwé náà, nítorí wọ́n lè torí ẹ̀ gba eré lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì bẹ rẹfirí pé kó má kọ ìròyìn rẹ̀. Lẹ́tà ìtọrọ àforíjì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò ìdíje, kó sì jẹ́ ọmọ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. A máa ń mọ èyí tí tíṣà bá kọ.