“Dádì, ẹ má kọ́ wa mọ́”: Ìdáhùn sí bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Lẹ́tà náà rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ìyá wa, mo kí yín. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa ní bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún mi, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ọmọ mi méjèèjì wà nínú ikọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, òun ni aṣọ́lé wa. Àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, iwájú ló ń gbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Mo máa ń le mọ́ ẹ̀gbọ́n ju gbogbo wọn lọ, kí àwọn òbí yòókù má baà sọ pé mò ń gbè sẹ́yìn ọmọ mi. Bí wọ́n bá pẹ́ dé, òun nìkan ni màá ní kó sáré yí pápá ká. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ó ní orúnkún ń dun òun, mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Oṣooṣù náà ló máa ń wá àwáwí tí kò fi ní wá sí ìgbáradì. Nígbà tí a lọ gbá ní Ṣàgámù, wọ́n gbá méjì wọlé fún un kí eré tó dé ìdajì. Mo pariwo mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni, mo sì yọ ọ́. Láti Ṣàgámù títí a fi délé ni mo ń ṣàlàyé ibi tó yẹ kó dúró sí. Kò fèsì. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ló ti wá sọ pé: ‘Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ wa mọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, mi ò gbá mọ́.’ Inú màmá mi dùn, wọ́n ní bọ́ọ̀lù kì í jẹ́ kí obìnrin rọ́mọ bí. Ìyàwó mi kò dá sí i. Ṣé kí n fi ikọ̀ náà sílẹ̀ ni? Èmi ni, Bàbá Aṣọ́lé.”

Bàbá Aṣọ́lé, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹni tó ń lo ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lórí pápá pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, láìgba kọ́bọ̀, kò pọ̀ nílùú, èyí tó sì ń ṣe é fún àwọn ọmọbìnrin tún ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ohun tó kù, nítorí ọ̀rọ̀ mi máa le díẹ̀.

Ọmọ yín kò sọ pé òun kórìíra bọ́ọ̀lù. Kò sọ pé òun kò fẹ́ràn bàbá òun. Ohun tó ní òun kò fẹ́ mọ́ ni kí bàbá òun jẹ́ ẹni tó ń yọ òun kúrò lórí pápá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ra láti Ṣàgámù dé ilé, ó ní sùúrù títí mọ́tò fi dúró, ó sì fi “ẹ jọ̀ọ́” ṣáájú. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Ẹ má pè é ní àfojúdi.

Ẹ jẹ́ kí n lọ síbi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ẹ ní ẹ̀ ń le mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀ ń gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu àwọn òbí yòókù lẹ̀ ń bẹ̀rù, ọmọ yín ló sì ń san gbèsè rẹ̀. Bí ọmọ mẹ́ta bá pẹ́ dé tí ẹnì kan ṣoṣo ń sáré yí pápá ká torí pé ẹ̀yin lẹ bí i, ojúsàájú náà ni. Ẹ kàn dojú rẹ̀ kọ ibòmíì ni. Àwọn ọmọ yòókù sì ń rí i, ẹ má rò pé wọn kì í rí i. Wọ́n mọ̀ pé nínú gbogbo wọn, ọmọ kóòṣì nìkan ni kò ní kóòṣì tó lè sá tọ̀ nígbà tí ilé bá gbóná, kò sì ní ilé tó lè sá sí nígbà tí kóòṣì bá bú u. Àwọn òbí tí ẹ sì ń tìtorí wọn ṣe é? Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹ yọ ọ́, wọ́n á ní ẹ ṣìkà. Bí ẹ fi í sílẹ̀, wọ́n á ní ọmọ yín ni.

Iṣẹ́ aṣọ́lé tún mú un burú sí i. Ẹni tó wà níwájú lè pàdánù bọ́ọ̀lù mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni má rántí ọ̀kan. Aṣọ́lé ṣi ọ̀kan, gbogbo pápá ni yóò wò ó. Ẹ rántí àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn obìnrin, ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025 ní Rabat. Chiamaka Nnadozie ló wà lójú ilé fún Nàìjíríà, ẹni tí CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, ti pè ní aṣọ́lé obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà ní 2023 àti 2024. Kí wọ́n tó lọ sinmi, Morocco ti gbá méjì wọlé fún un, gẹ́lẹ́ bíi ti ọmọ yín ní Ṣàgámù. Justine Madugu tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn kò yọ ọ́. Ní ìdajì kejì, Esther Okoronkwo gbá pẹ̀náríti wọlé, Folashade Ijamilusi dá a sí ọ̀mì, Jennifer Echegini sì gbá ẹ̀kẹta nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí. Nàìjíríà gba ife náà nígbà kẹwàá. Ká ní Nnadozie ti wà lórí ìjókòó pẹ̀lú ojú títì nígbà yẹn ńkọ́? N kò sọ pé ọmọ yín yóò di Nnadozie. Mo ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá gbá méjì wọlé fún ṣì ní iṣẹ́ ìdajì kejì láti ṣe, ẹ̀yin sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú èébú.

Ẹ ní láti bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ wa, bàbá kì í sọ pé “má bínú” fún ọmọ. Bí bàbá bá mọ̀ pé òun ti ṣe àṣejù, á fi ẹran kan sílẹ̀ nínú àwo rẹ̀, á pe ọmọ náà kó wá gbé àwo, ọmọ á sì mọ̀ pé ìjà ti parí. Ohun tó dára ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn wà fún. Lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àlejò lẹ ti bú ọmọ yìí. Ẹran kò lè parí èyí. Ẹ kọ́kọ́ pe òun nìkan, kí ẹ sọ pé: “Ohun tí mo sọ sí ẹ ní Ṣàgámù kò dáa, má bínú.” Kí ẹ má fi “ṣùgbọ́n” kankan sí i. Lẹ́yìn náà, ní ìgbáradì tó bá tẹ̀lé e, kí ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo ikọ̀. Kò ní gbà yín tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ti ṣiṣẹ́ tó, Bàbá Aṣọ́lé.

Ọ̀nà ilé náà ńkọ́? Ọmọ tó wà nínú mọ́tò lórí ọ̀nà márosẹ̀ kò ríbi sá lọ. Ibi tó yẹ kó dúró sí tí ẹ̀ ń ṣàlàyé, ó ti mọ̀ ọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù kan àwọ̀n. Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá ti tan mọ́tò, eré ti tán. Ẹ ra ohun tí yóò jẹ fún un. Ẹ jẹ́ kó sùn, tàbí kó fi rédíò sí ibi tó wù ú. Bó bá fúnra rẹ̀ mẹ́nu ba eré náà, kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ má ṣàtúnṣe. Bó bá bi yín pé “Dádì, kí ni mo ì bá ti ṣe?”, ẹ dáhùn ìyẹn nìkan kí ẹ sì dákẹ́.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ fi ikọ̀ sílẹ̀. Rárá o. Ọmọ ọlọ́mọ nílò yín. Ẹ máa bá àwọn kéékèèké lọ, níbi tí àbúrò wà, nítorí òun kò tíì ráhùn. Ti àwọn àgbà inú wọn ni kí ẹ fà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kó jẹ́ onítọ̀hún ni yóò máa yan aṣọ́lé, tí yóò máa bá ọmọ yín wí, tí yóò sì máa yìn ín. Bẹ́ẹ̀ bá lè rí obìnrin, ẹ mú obìnrin. Kì í ṣe pé obìnrin kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni: Rena Wakama ló darí D’Tigress, ikọ̀ àwọn obìnrin wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi gba AfroBasket, ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 2023, ó sì tún ṣe é ní 2025. Yálà ẹ rí obìnrin kóòṣì tàbí ẹ kò rí, ó yẹ kí obìnrin àgbà kan máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí nígbàkígbà tí ẹ bá ń kó wọn jáde. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ kò dárúkọ obìnrin kankan bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yín.

Ibi tí mo ń bọ̀ náà nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń wá àwáwí ní oṣooṣù, ẹ bá mi bi ìyàwó yín léèrè irú níkà tí àwọn ọmọ náà ń wọ̀. Bó bá jẹ́ funfun, ẹ ti rí ìdáhùn. Kò lè sọ fún bàbá rẹ̀ tó tún jẹ́ kóòṣì pé nǹkan oṣù òun ti dé, ẹ̀rù sì ń bà á kí ẹ̀jẹ̀ má baà hàn lára aṣọ rẹ̀ lójú àwọn ènìyàn. Ikọ̀ àgbà àwọn obìnrin England gan-an pa níkà funfun tì ní 2023, wọ́n bọ́ sí búlúù, nítorí pé àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ráhùn ohun kan náà. Ẹ ran dúdú tàbí búlúù fún àwọn tiyín. Kí páàdì wà nínú àpò tí obìnrin yẹn ń gbé, kí ọmọ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọrọ rẹ̀.

Ti orúnkún, ẹ má fi falẹ̀. Iṣan ńlá kan wà láàárín orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL. Nínú eré bíi bọ́ọ̀lù, ó máa ń já fún ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ, àgàgà nígbà tí ara wọn ń dàgbà kíákíá. Bó bá já, ó lè mú ọmọ kúrò lórí pápá fún odindi ọdún. Ó sì lè jẹ́ ohun kékeré, egungun tó ń gùn tó ń fa iṣan abẹ́ orúnkún. Dókítà ni yóò mọ̀yàtọ̀, kì í ṣe èmi tàbí ẹ̀yin. OOUTH, ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, wà ní Ṣàgámù, kò jìnnà sí yín. Kó tó dìgbà náà, kò gbọdọ̀ sáré, kò sì gbọdọ̀ fò.

Fún gbogbo ikọ̀ pátá, ẹ wá ètò ìmúra FIFA tí wọ́n ń pè ní 11+ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni: eré sísá wẹ́rẹ́, ìdúró lẹ́sẹ̀ kan, bí a ṣe ń fò tí a sì ń balẹ̀ kí orúnkún má wọnú. Kò gba owó, kò gba ohun èlò. Wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọbìnrin tó lé ní 1,800 ní Norway, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008, àwọn tó ń ṣe é kò sì farapa tó àwọn tí kò ṣe é. Ó sàn fún wọn ju yíyí pápá ká lọ.

Màmá yín, ẹ bá mi kí wọn. Bọ́ọ̀lù kì í di obìnrin ní inú. Shelly-Ann Fraser-Pryce ará Jàmáíkà bímọ ní 2017, ó sì padà wá gba wúrà 100 mítà àgbáyé ní 2019. Alex Morgan ará Amẹ́ríkà bímọ ní 2020, ó sì gbá ife àgbáyé ní 2023. Ẹ má bá ìyá yín jiyàn lórí rẹ̀, ẹ gbé àga fún wọn wá sí pápá lọ́jọ́ kan. Ìyá àgbà tó bá ti ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú ilé kì í pẹ́ gbàgbé ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Oríkì yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi rọ́pò ariwo. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ ẹ, nítorí ojú lè tì í láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ orí yẹn. Bó bá gbà, nígbà tó bá mú bọ́ọ̀lù, ẹ pe oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kọjá rẹ̀ wọlé, ẹ tún pè é lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn kan náà. Ẹ má sọ ohun mìíràn láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ní ọjọ́ tí orúnkún rẹ̀ bá ti sàn, ẹ mú un lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ kó lọ wo Remo Stars Ladies, ikọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin, kí ẹ jókòó tì í bíi bàbá, kó jẹ́ òun ni yóò máa ṣàlàyé fún yín ohun tí aṣọ́lé wọn ń ṣe.

Ẹ má sì máa fi ẹ̀gbọ́n wé àbúrò rẹ̀. Ẹ ti fi “ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá” kún lẹ́tà yín, ẹ kò sì rí ohun rere kan sọ nípa ẹ̀gbọ́n.

Ìyàwó yín tí kò dá sí i, ó dà bí ẹni pé ó ń dúró kí ẹ bi òun ni. Ẹ bi í lálẹ́ òní, kí ẹ tó bẹ ọmọ. Bí dókítà bá ti wo orúnkún náà, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó sọ.